Ìfiléniléwọ́ Dátà láàrin Fọ́nrán Iṣẹ́: Àpẹẹrẹ láti Ẹbu Epo Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

1. Ìfáàrà

Ète pépà yìí ni láti ṣàlàyé bí apá méjì nínú ètò kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe lè fi dátà lé ara wọn lọ́wọ́ láìsí pé ọ̀kan sọnù. Irú apá bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní thread. Fọ́nrán iṣẹ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Èrò wa ni pé ìlà aláàbò, èyí tí wọ́n ń pè ní thread-safe queue, ń dáàbò bo ìfiléniléwọ́. Kò dáàbò bo ohun tí a fi léni lọ́wọ́. Ẹbu epo ní agbègbè Òkìtìpupa ni a ó ti mú àpẹẹrẹ.

2. Ìṣòro tó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé òṣùwọ̀n méjì wà níbi tí wọ́n ti ń ra ẹyìn, tí fọ́nrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bójú tó ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì sì ń fi iye ìdì ẹyìn kún àpapọ̀ kan ṣoṣo. Àpapọ̀ náà jẹ́ 40. Fọ́nrán kìn-ín-ní kà á, ó rí 40. Kí ó tó kọ èsì sílẹ̀, èkejì náà ti rí 40. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 1 kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ 41. Ìdì méjì ni ó wọlé, ẹyọ kan ni ó wọ inú àkọsílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ti ṣiṣẹ́ lásán nìyẹn. Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí léwu ni pé a lè dán ètò náà wò nígbà púpọ̀ kí ó má fara hàn.

3. Iṣẹ́ ìlà

Ní ẹbu, agbọ̀n a máa wà láàrin ẹni tó ń se ẹyìn àti ẹni tó ń gún un. Bí agbọ̀n bá ṣófo, ẹni tó ń gún dúró. Bí ó bá kún, ẹni tó ń sè dúró. Edsger Dijkstra ṣàlàyé irú ìṣòro yìí ní 1965, ó sì fi ohun tí ó pè ní semaphore yanjú rẹ̀. Láti 2004 ni Java 5 ti ní BlockingQueue. Nínú Python, put ni a fi ń gbé nǹkan sẹ́yìn ìlà, get ni a fi ń mú ti iwájú. Àgádágodo inú ìlà kì í jẹ́ kí ọwọ́ méjì wọ ibẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, kí àwọn fọ́nrán òṣùwọ̀n méjèèjì máa gbé àkọsílẹ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan sórí ìlà. Kí fọ́nrán kẹta nìkan máa ṣe àpapọ̀. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni mìíràn kò ti fọwọ́ kan àpapọ̀, ìdì kankan kò ní sọnù.

4. Ìwọ̀n ìlà

Ẹyìn tí a gé tí ó pẹ́ nílẹ̀ kí a tó sè é, epo rẹ̀ a máa kan. Fífẹ ibi ìkójọ kò mú ọwọ́ ẹni tó ń gún yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlà rí. Bí a kò bá fún Queue inú Python ní maxsize, kò ní òpin. Dátà lè máa jọ títí àyè ìpamọ́ kọ̀ǹpútà yóò fi tán. Òpin ni ó ń mú kí olùfiránṣẹ́ dẹsẹ̀ dúró de olùgbà.

5. Ibi tí agbára ìlà mọ

Nínú Java àti Python, kì í ṣe ẹ̀dà nǹkan ni ó ń wọ ìlà bí kò ṣe atọ́ka sí i. Bí fọ́nrán òṣùwọ̀n bá lo àkọsílẹ̀ kan náà fún ìdì tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n ìdì àkọ́kọ́ lè yí padà kí fọ́nrán kẹta tó kà á. Àgádágodo ìlà kò lè dí èyí lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ tuntun ni kí a dá fún ìdì kọ̀ọ̀kan, kí olùfiránṣẹ́ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ìparí iṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Olùgbà tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán yóò máa dúró lẹ́nu ìlà. A lè fi àmì ìparí sórí ìlà, ẹyọ kan fún olùgbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí òṣùwọ̀n méjèèjì bá ti parí. Bí ọ̀kan bá yára fi í síbẹ̀, ẹyìn tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀n kò ní í rí ẹni kà á.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìlà aláàbò yanjú ìṣòro àgbàsílẹ̀ àti ìdúró. Mẹ́ta kù tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ètò: kí ó fi òpin sí ìlà, kí ó jọ̀wọ́ ohun tó bá ti gbé síbẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí.