Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Tó Dára ní Ìrọ̀lẹ́ àti ní Òru

Nígbà tí mo lọ gba orin Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ohùn náà dún ketekete. Fọ́tò ńkọ́? Òkùnkùn biribiri, àti ojú kan ṣoṣo tó funfun bí ẹfun. Alábòójútó mi bi mí pé, “Ta ló ń lé orin, ta ló ń gbè é?” N kò rí nǹkan kan fi hàn án. Fún àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, fọ́tò kì í ṣe fáàrí, ẹ̀rí ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún Bìnì, Nàìjíríà àti Tógò, ní apá méjì: Ẹ̀fẹ̀ lóru, ijó lọ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ ká mọ ìwà ìmọ́lẹ̀ ní ìgbà méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí oníjó bá wà láàárín yín àti oòrùn, òjìji lásán ni fóònù yóò yà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, àwọ̀ ère orí rẹ̀ yóò sì hàn. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run lẹ fẹ́, ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ lójú fóònù, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Oòrùn máa ń tètè wọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ẹ má tíì lọlé: nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tó tẹ̀ lé e ni àwọ̀ ọ̀run máa ń dùn ún wò jù.

Lóru, ẹ fi kámẹ́rà wé ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ ń ya lulẹ̀, ìkòkò kún kíá. Lóru, ó ń kán tó, tó, tó ni. Ó ń fẹ́ àkókò, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Nítorí náà:

1. Ẹ nu lẹ́ńsì. Ọ̀rá ìka ló ń jẹ́ kí iná tàn káàkiri inú fọ́tò.
2. Ẹ tan Night mode, kí ẹ fara ti ògiri tàbí igi. Ẹ jẹ́ kí fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó yà á, kí títẹ̀ yín má baà mì ín.
3. Ẹ pa fíláàṣì. Kì í kọjá ìṣísẹ̀ mélòó kan. Òun ló sọ ojú ọjọ́sí di ẹfun.
4. Ẹ má fi ìka fa àwòrán tóbi. Ẹ sún mọ́ ọn.
5. Ẹni tó ń jó kò lè dúró de Night mode. Ẹ dúró níbi tí iná ti ń bà á lójú, kí ẹ yà á nígbà tó bá dúró kọrin.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lóru ọjọ́ náà, bàbá kan fọwọ́ kàn mí léjìká: “Ọmọ mi, pa iná yẹn. Ò ń fọ́ wa lójú.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo pa á. Fọ́tò mẹ́rin tí mo yà lẹ́yìn náà nìkan ló wọ inú iṣẹ́ mi.