Kí ni ọ̀dọ́ Kenya, Uganda àti Nàìjíríà ń kọ́ lára ara wọn nípa ìwọ́de lórí ayélujára?

Lóṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ Kenya tú sígboro láti tako àbádòfin ìṣúná tó fẹ́ fi kún owó orí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Uganda gbéra lọ sílé aṣòfin nítorí ìwà àjẹbánu. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ó kan Nàìjíríà: ìwọ́de #EndBadGovernance bẹ̀rẹ̀ lórí ebi àti ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Orí fóònù ni ọgbọ́n yìí ti ń kọjá ẹnubodè.

Ọgbọ́n wo ni?

Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀rọ̀ yé aráàlú. Lórí TikTok, ọ̀dọ́ Kenya fi èdè ìbílẹ̀ ṣàlàyé àbádòfin náà, títí dé orí owó orí tí wọ́n fẹ́ gbà lórí búrẹ́dì. Wọ́n tún pín nọ́ńbà fóònù àwọn aṣòfin kí aráàlú lè pè wọ́n.

Èkejì ni pé kò sí olórí kan tí ìjọba lè mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni #EndSARS rí ní Nàìjíríà lọ́dún 2020.

Ẹ̀kẹta ni owó. Nígbà #EndSARS, àwọn èèyàn nílé lóko dáwó fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò. Ní Kenya, wọ́n dáwó lórí fóònù fún àwọn tó farapa.

Ìjọba náà ń kọ́ ọgbọ́n

Nàìjíríà fòfin de Twitter láti oṣù Kẹfà 2021 di oṣù Kíní 2022. Uganda ti Facebook pa lóṣù Kíní 2021, ọ̀pọ̀ sì ń fi VPN wọlé.

Kí ló dé tí àbájáde kò dọ́gba?

Ní Kenya, ohun kan pàtó ni wọ́n ń bèèrè: kí àbádòfin kan má di òfin. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, Ààrẹ William Ruto ní òun kò ní buwọ́ lù ú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti lọ.

Ní Uganda, ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n ń bèèrè pọ̀, kò sì sí àbádòfin kan tí ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lù. Owó ìrànwọ́ orí epo kò padà, Amnesty International sì ní ó kéré tán èèyàn 24 ló kú.

Ayélujára lè gbé ọ̀nà ìwọ́de dé ìlú míì láàárín wákàtí kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ bèèrè, àti ẹni tí wọ́n máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, onílé ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.