Oògùn Tán Nílé, Ìlà Gùn Lọ́sibítù



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a máa ń gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ibi àlùwàlá, a ó máa bá àwọn ará yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ní Jímọ̀ kan, ẹ̀rọ wa gbé 178 lé 104 jáde fún ìyá kan tí a mọ̀ pé wọ́n ń lo oògùn. Wọ́n ní ó ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé kò sówó.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí ọsibítù ńlá. Mo kírun àsùbáà tán ni mo kúrò nílé, síbẹ̀ mo bá èrò rẹpẹtẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, wọ́n ní dókítà ti lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣáà tà á fún mi."

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí à ń tà ní tábìlì mọ́sálásí. A bèèrè bóyá àyà ń dùn wọ́n, bóyá ojú ń ṣe bàìbàì tàbí apá kan ń rọ. Wọ́n ní rárá. (Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, pàjáwìrì nìyẹn, kò sí dídúró.) Arábìnrin wa kan mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi rí nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì gba oògùn. Ìyá ò mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé nìkan ni wọ́n rò pé ó wà fún.

Ó ń dùn wá, torí ẹni tí ibà ń gbọ̀n àti ẹni tó kàn fẹ́ gba oògùn tó ti ń lò tipẹ́, ìlà kan náà ni wọ́n jọ ń tò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2021 ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn máa yọjú lóṣooṣù títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ síbi tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tó. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti wálẹ̀, kó bi dókítà bóyá ó lè kọ ti oṣù mẹ́ta fún un. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bí oògùn bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ ti gbéra.

Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín ni kí ẹ mú. Àwọn kan ń mú èyí tó lórúkọ, tó jẹ́ ọkọ̀ méjì sílé wọn!

Ìyá wa ṣì ń lọ lóṣooṣù. Ẹni tí oògùn rẹ̀ bá ti ń tán lọ, kó mú páálí rẹ̀ dání wá bá wa ní tábìlì ní Jímọ̀.