Ìhìnrere Níbi Iṣẹ́ Oòjọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó sú ilé Kristẹni kankan láti gbọ́. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún wa, a sì lè dárúkọ àlùfáà tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè pé, ọjọ́ wo ni Ìhìnrere dé inú ìsọ̀ wa lọ́jà, ọjọ́ wo ni ó sì dé ìdí ààrò níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ wa ń gbé dáná, èsì lè ṣòro fún wa láti fọ̀. Nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni Ìhìnrere ń dé gbogbo ibi tí ó wà nínú ayé ènìyàn. Ó lè dé ẹnu lónìí, kí ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ó tó dé ọwọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tàgbà tèwe, ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn ọkùnrin kan wá, èyí tí ó kan àwọn ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ni John Newton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe orin ìsìn nípa oore-ọ̀fẹ́ tí a ń kọ káàkiri ayé títí di òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orin náà. Àwọn tí ó mọ bí ó ti pẹ́ tó kí oore-ọ̀fẹ́ tó dé ibi òwò ẹni tí ó ṣe é kò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a gbé bí i ní ọdún 1725. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin olùfọkànsìn, ó sì fi Ìwé Mímọ́ kọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ikú mú ìyá náà lọ kí ọmọ tó pé ọdún méje. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó bá baba rẹ̀, tí í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun, lọ sí ojú omi. Bí ó ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i, títí ó fi di ẹlẹ́gàn tí í fi ohun mímọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sá kúrò nínú ọkọ̀ ogun ọba. A mú un, a sì nà án lójú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ òyìnbó oníṣòwò ẹrú kan ní àwọn erékùṣù Plantain, nítòsí Sàró, níbi tí ebi àti àìsàn ti bá òun tìkára rẹ̀ jà, tí a sì lò ó bí ẹni tí kò ní olùgbèjà.

Nígbà tí ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Greyhound ń gbé e padà lọ sí ìlú rẹ̀, ìjì líle bẹ́ sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹta, ọdún 1748. Omi ya wọ inú ọkọ̀. Nínú ìbẹ̀rù náà ni ọ̀rọ̀ àánú jáde lẹ́nu ẹni tí í ti ń gan Ọlọ́run. Ọkọ̀ náà kò rì; ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Ireland ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Newton kà ọjọ́ ìjì náà sí ọjọ́ ìyípadà rẹ̀, ó sì ń rántí rẹ̀ títí ó fi di arúgbó.

Ní ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń gbé ìtàn náà dúró, wọn a sì ní kí ìjọ ó dìde kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, kí ni ọkùnrin tí a yí lọ́kàn padà yìí ṣe tẹ̀ lé e? Ní ọdún 1748 yìí kan náà, ó gba iṣẹ́ igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ ẹrú. Láti ọdún 1750 sí 1754, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀, ó sì rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti Liverpool wá sí etí òkun ilẹ̀ Áfríkà, ó ra ènìyàn, ó sì rù wọ́n kọjá òkun lọ tà. Ó ti fi èébú àti ọ̀rọ̀ òdì sílẹ̀. Ní ọjọ́ Olúwa, a máa pe àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ, a sì máa ka àdúrà fún wọn. Ní ìyàrá rẹ̀, a máa ka Ìwé Mímọ́, a sì máa kọ ìwé onífẹ̀ẹ́ sí aya rẹ̀ Mary, tí ó gbé ní ìyàwó ní ọdún 1750. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan náà, ni àwọn ọkọ tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ aya, àti àwọn ìyá tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ, wà nínú ẹ̀wọ̀n àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ǹjẹ́ àgàbàgebè ni a ó pè é bí? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àdúrà rẹ̀ kì í ṣe àdúrà ẹ̀tàn. Ohun tí ó ṣe é ni pé, òwò náà jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe. Òfin ilẹ̀ rẹ̀ gbà á láyè. Àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ìjọ ń jẹ nínú èrè rẹ̀. Liverpool ń fi í kọ́ ilé ńláńlá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ìlú bá ń dá, àṣà ni í jọ lójú ẹni tí ń dá a. Newton tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí ó yá pé, ní àkókò náà, òun kò ní iyèméjì pé òwò náà tọ́. Ẹ̀wọ̀n àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ̀nyí kàn ń rí i lára ni, ó ń ṣe é bí ẹni pé onítúbú ni òun, ó sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun ní iṣẹ́ tí ó rọ ọkàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà korò. Kò tíì mọ̀ pé ó burú.

Ní ọdún 1754, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó tún ṣíkọ̀, àìsàn òjijì gbé e ṣubú, ó sì fi iṣẹ́ ojú omi sílẹ̀. Àìsàn ni ó mú un kúrò nínú òwò náà, kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn. Ó di aṣọ́bodè ìjọba ní Liverpool. Ó kọ́ èdè Gíríìkì àti ti Hébérù. A fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1764, ó sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Olney, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1780. Ní gbogbo àkókò yìí, a kò gbọ́ kí ó dìde ní gbangba lòdì sí òwò ẹrú. Ní ọdún 1785, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, William Wilberforce, tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ọkàn tí ó dàrú, nítorí ó ń rò pé bóyá kí òun fi ìṣèlú sílẹ̀ nítorí ti Olúwa. Newton gbà á níyànjú pé kí ó dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì sin Ọlọ́run níbẹ̀. Ní ọdún 1788 ni Newton tó tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, tí ó sì wí pé ìjẹ́wọ́ òun ti pẹ́ jù. Lẹ́hìn èyí, ó lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ ìjì náà títí di ìgbà tí ìwé yìí jáde, ó jẹ́ 40 ọdún.

A mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ-ẹ̀hìn ń dàgbà. Ẹni tí a mú lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kì í di ọ̀gá lọ́jọ́ tí baba rẹ̀ fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ó ní láti dúró ti ọ̀gá, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, kí a máa bá a wí, kí ó sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni Newton ṣe dàgbà, nípa kíka Ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́, nípa àwọn ọ̀rẹ́ olùfọkànsìn, àti nípa ohùn àwọn ẹlòmíràn tí ó ti ń ké lòdì sí òwò náà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣì ń kọ́ iṣẹ́, igi ẹlòmíràn ni ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti Newton, ohun tí ó bàjẹ́ kì í ṣe igi. Àwọn ènìyàn ni wọ́n san owó ìfàsẹ́hìn rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń tu ara wa nínú pé Ọlọ́run kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ lára wa, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè pẹ̀lú pé, ta ni ń jìyà nígbà tí a ń dúró?

Ẹ rántí Sákéù, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò, tí ìtàn rẹ̀ wà ní orí 19 nínú Ìhìnrere Lúùkù. A kò kà á níbẹ̀ pé Olúwa wàásù fún un nípa owó òde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde dúró tí ó dárúkọ ibi tí ọgbẹ́ gbé wà: ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, àti ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ kan náà tí Olúwa wọ ilé rẹ̀, Ìhìnrere wọ inú àpò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1821, a kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, a fi í pààrọ̀ ẹṣin, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi rù ú sínú ọkọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, ó sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró, ilẹ̀ tí Newton ti ń ra ènìyàn lẹ́bàá rẹ̀ rí. Ọmọ náà ni Samuel Ajayi Crowther, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Òfin ọdún 1807 tí ó fòpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú kí ọkọ̀ ogun náà máa ṣọ́ òkun. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó gbé òfin náà dìde: ọwọ́ Wilberforce, ọwọ́ Olaudah Equiano tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí ó sì tẹ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1789, àti ọwọ́ arúgbó Newton pẹ̀lú. Ó wà láàyè rí òfin náà; ní oṣù Kejìlá ọdún 1807 náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 82.

Kí a má sì rò pé òyìnbó nìkan ni Ìhìnrere pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, lẹ́hìn tí ìjọ ti fìdí múlẹ̀, àwọn Kristẹni kan ṣì ń ní ẹrú àti ìwọ̀fà. Nígbà tí Àlùfáà James Johnson, ọmọ wa tí a bí ní Sàró, ń ṣe alábòójútó níbẹ̀ láti ọdún 1877 sí 1880, ó tẹnu mọ́ ọn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ, a sì mú un kúrò níbẹ̀. Lónìí, kò sí Kristẹni kan tí yóò gbèjà ẹrú níní. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò gbọ́ nípa tiwa, tí wọn yóò mi orí, tí wọn yóò sì wí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ibi mẹ́ta wò. Èkínní ni òṣùwọ̀n wa. Kóńgò tí a lù ní ìdí kí ó má baà gba púpọ̀, àti ọ̀pá tí a fi wọn aṣọ tí kò pé, ń jẹ́rìí lòdì sí orin tí a kọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Èkejì ni owó ọ̀yà. Alágbàṣe tí a ń wí fún pé "padà wá lọ́la" ní aya àti ọmọ tí ń retí rẹ̀ nílé. Bí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wa, owó rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ ọ̀dọ̀, níbi èyí ni a fẹ́ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé Kristẹni ni ó ń gba àdúrà òwúrọ̀ déédéé. Ẹ wò ó bí gbogbo ilé bá jókòó, ọmọ wo ni kò sí níbẹ̀? Ọmọ tí ó lọ pọn omi ni. Òun ni ó kọ́kọ́ jí, òun ni yóò sùn kẹ́hìn. Oúnjẹ tí ó kù sí ìdí ìkòkò ni tirẹ̀. Bí ọmọ tiwa bá fọ́ àwo, a ó ní ó ṣèèṣì. Bí òun bá fọ́ ọ, ẹgba ni. A ṣèlérí fún àwọn òbí rẹ̀ pé a ó rán an ní ilé-ìwé, síbẹ̀ ọdún ń gorí ọdún. A kò wí pé kí ọmọdé má ṣiṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ń kọ́ ọmọ. A ń wí pé kí ọmọ ẹlòmíràn má ṣe jẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nínú ilé wa, níbi tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka Ìwé Mímọ́ lókè.

Kí baba àti ìyá ilé gbìyànjú èyí ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè pé, "Ta ni ó ru ẹrù ìrọ̀rùn wa ní ọ̀sẹ̀ yìí?" Kí olúkúlùkù sọ ti ara rẹ̀ kí ó tó sọ ti ẹnìkejì. Kí a pe ọmọ ọ̀dọ̀ wá sí àdúrà, kí a mọ orúkọ ìyá rẹ̀, kí a mú ìlérí ilé-ìwé ṣẹ. Ohun tí a bá lè san padà, kí a san án.

Newton kò lè san padà. Àwọn tí ó tà ti kọjá òkun. Kò mọ ibi tí wọ́n gbé wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ó lè kọ sí wọn. Òtítọ́ nìkan ni ó kù tí ó lè san, ó sì san án nígbà tí orí rẹ̀ ti hu ewú. Tiwa sàn jù bẹ́ẹ̀. Alágbàṣe náà ṣì ń gbé ní òpópó kejì. Oníbàárà náà yóò tún wá rajà lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ náà wà ní ìdí ààrò nísinsìnyí, ó sì ń gbọ́ bí a bá pè é. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí kì í fi ọ̀rọ̀ òní dọ̀la. Àmín.