Jẹ́nótáìpù Kì Í Yí Padà, Àyẹ̀wò Ni Wọn Kò Ṣe Dáadáa

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ láti Mọníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akanran. Làbù kan kọ AA fún ọmọbìnrin, òmíràn kọ AS fún un lẹ́yìn tí ìdílé ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn mìíràn ti bí ọmọ tó ń jẹ̀rora fọ̀níkú-fọ̀ládìde kí wọ́n tó mọ̀ pé AS ni tọkọtaya. Ìbéèrè yín ni pé, ṣé jẹ́nótáìpù máa ń yí padà ni?

Kì í yí. Ti pé bàbá fún ọmọ ní A, ìyá fún un ní S, ẹ ti gbọ́ ọ tó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Ohun tó ń ṣi yín lọ́nà ni pé ẹ rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, tí àgbo lè fọ̀ ọ́ kúrò. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà níbẹ̀ ní DNA, ogún bàbá àti ìyá, nínú kókó rẹ̀. DNA kì í jáde nínú kókó yẹn. Ẹ̀dà àṣẹ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mRNA, ló ń jáde. Ribosome á gbà á, á máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ amino acid kan, ribosome á sì máa to èyí tí wọ́n bá dárúkọ tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó bá parí, okùn náà á ká jọ, á di purotéènì.

Himoglobin tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, okùn mẹ́rin ló para pọ̀ dà á. Amino acid 146 ló wà lórí èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà. Fún ẹ̀kẹfà, GAG ló yẹ kó wà lára DNA, kí ribosome lè mú glutamic acid. GTG ló wà níbẹ̀ nínú jíìnì S, valine ni ribosome á sì mú. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè, kì í ṣàtúnṣe. Ohun tó bá kà ló ń ṣe. Lẹ́tà kan péré ló yí, síbẹ̀ nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, himoglobin S á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì á le, á tẹ̀, á há sínú iṣan.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó sì ti dàgbà kò ní kókó mọ́. Kí wá ni àgbo tí wọ́n ń kiri nínú mọ́tò fẹ́ yí níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ní ilé ìwòsàn ni irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí.

Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló lo iná mànàmáná láti fi hàn ní 1949 pé himoglobin S yàtọ̀. Vernon Ingram ní Cambridge ló sì fi hàn ní 1957 pé amino acid kan ṣoṣo ló fà á. Glutamic acid ní agbára iná òdì lára, valine kò ní. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ electrophoresis ń lò: wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, wọ́n á tan iná sí i, A á ṣáájú, S á tẹ̀ lé e, C, irú himoglobin mìíràn tó wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa, á gbẹ́yìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ìlà orí bébà náà, àmọ́ ìwà àwọn onílàbù kan ń bí mi nínú. Wọn kò ní ẹ̀rọ yìí rárá. Kẹ́míkà tó ń lé ọ́síjìn ni wọ́n ń kán sí ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tẹ̀, wọ́n á kọ AS, bí kò bá tẹ̀, AA. Àyẹ̀wò yẹn kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS tó jẹ́ fọ̀níkú-fọ̀ládìde, kò sì rí C, ni AC fi ń di AA lórí ìwé. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ńkọ́? Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àwọn kan á méfò. Ìwà ìkà ni.

Ẹ̀yin náà, ẹ yéé fi pa mọ́ pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Himoglobin A ti ẹni tó fún yín lẹ́jẹ̀ lè hàn nínú tiyín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá electrophoresis ni wọ́n máa ṣe, àti bóyá wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ ṣe é ní làbù méjì, kí ẹ tó dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí èsì méjèèjì bá takora, ẹ má fi àdúrà yan ọ̀kan. Ẹ gba UCH Ìbàdàn lọ.