Ta Ló Ń Pinnu fún Enzo?

Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ yín bá ń gbá géèmù tó mẹ́nu ba agbára àwọn baba ńlá, ẹ má tètè pariwo ìbọ̀rìṣà. Kamẹrúùnù wa níbí ni *Aurion: Legacy of the Kori-Odan* ti wá. Kiro'o Games, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yaoundé, ló gbé e jáde lóṣù kẹrin ọdún 2016. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n ní Douala.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí Enzo jọba ìlú Zama, tó tún ń gbé Erine níyàwó, ni àna rẹ̀ dìtẹ̀ gbàjọba. Kò sí bọ́tìnì tí ọmọ lè tẹ̀ tí ọ̀tẹ̀ náà kò fi ní í ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn náà ni Àjàlá, amọ̀kòkò tó mọ orí Enzo.

Ṣùgbọ́n orí kì í dá rìn, ẹsẹ̀ ló ń gbé e. Aurion ni agbára tí Enzo ń gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ti lọ. Àwọn alálẹ̀ wọ̀nyẹn kì í bá a jà. Ọmọ tó ń gbá géèmù ló ń yan agbára tó máa lò, àtèyí tó máa pò mọ́ òmíràn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni òmìnira rẹ̀ wà, ó kéré, àmọ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ bi wọ́n léèrè nídìí oúnjẹ alẹ́: bí Enzo bá kọ agbára náà, ṣé ọmọ Kori-Odan ló ṣì máa jẹ́?