Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ará Ṣáínà Lé Olè Ojú Omi

Ní ọdún 1842, ogun parí láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló borí, wọ́n sì gba erékùṣù Hong Kong. Inú ń bí àwọn ará Ṣáínà gidigidi. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún méje péré, ọkọ̀ ogun àwọn méjèèjì jọ jáde lọ jà. Kí ló fà á?

Olè ló fà á. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Shap-ng-tsai. Ó ní ọkọ̀ onígbòkun tó lé ní ọgọ́ta ní etíkun gúúsù Ṣáínà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò. Apẹja pàápàá gbọ́dọ̀ sanwó fún wọn kí ó tó kọjá.

Ọba Ṣáínà ní ọkọ̀ ogun, ṣùgbọ́n onígbòkun ni, bíi ti àwọn olè gan-an. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, olè dúró, ọlọ́pàá náà dúró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ elẹ́rọ ní tiwọn. Wọ́n ń fi èédú dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá. Omi inú rẹ̀ á hó, agbára ooru rẹ̀ á sì máa yí kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dojú kọ afẹ́fẹ́ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ni eré sísá wúlò fún, bí a kò bá mọ ibi tí olè wà? Ìjòyè Ṣáínà ló gbọ́ èdè àwọn ará etíkun, òun ló sì lè bi wọ́n léèrè kí wọ́n dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1849, ọ̀gágun Dalrymple Hay kó ọkọ̀ mẹ́ta kúrò ní Hong Kong: Columbine tó jẹ́ onígbòkun, Fury àti Phlegethon tó jẹ́ elẹ́rọ. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Hainan, ìjòyè ológun Ṣáínà kan dara pọ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n bá àwọn olè ní ẹnu odò ní Tonkin, ní àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Vietnam lónìí. Nínú ọkọ̀ 64 tí àwọn olè ní, 58 ló run. Wọ́n ní olè tó kú tó 1,800.

Ẹ má ṣe yára ka iye yẹn kọjá. Láti ọdún 1825, òfin Gẹ̀ẹ́sì kan ní kí ìjọba san 20 pọ́n-ùn lórí olè ojú omi kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ogun wọn bá mú tàbí tí wọ́n bá pa. Èmi kò fẹ́ràn òfin náà rárá. Olè ojú omi a máa fi tipátipá mú apẹja wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò dá apẹja mọ̀ láàárín olè, nígbà tí iná ń jó, tí owó sì wà lórí gbogbo wọn? Ní ọdún 1850, wọ́n pa òfin náà rẹ́.

Shap-ng-tsai fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó sá lọ pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́fà tó ṣẹ́kù. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba Ṣáínà. Wọ́n dárí jì í, wọ́n sì fún un ní ipò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọba.